ORIN Ọ̀FẸ́ YÀTỌ̀ SÍ ORIN TÍ A JÍ

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó tí àwọn àgbà ń wò bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, tí àwọn ọmọdé náà sì ń wò bí ohun tí kò tó ọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti orin tí à ń kó sínú fóònù. Ẹni tí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ títí dé ọjà Ìkọ̀lé, tàbí láti Ìfàkì títí dé ẹ̀bá ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdó, yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì lábẹ́ agbòòrùn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kó orin sínú mẹ́mọ́rì kádì fún oníbàárà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ènìyàn yóò san, yóò sì kó ọgọ́rùn-ún orin lọ sílé. Àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn a máa fi Xender gba orin lára fóònù ọ̀rẹ́, tàbí kí wọ́n lọ dáńlóòdù rẹ̀ ní àwọn ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ ẹni tí ó ni wọ́n, níbi tí a ti ń pín orin olórin láì bi olórin léèrè.

Bí a bá bèèrè pé èéṣe tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún ni: ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí gan-an ni àwa fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé bí ibì kan bá wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó yẹ kí wọ́n ti mọ ìtumọ̀ ọ̀fẹ́ dáadáa, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ojú ìwé yìí ni ó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé. Ǹjẹ́ ọ̀fẹ́ ìgbà náà túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò sanwó? Rárá o. Àgbẹ̀ san owó orí, oníṣòwò san owó orí, a sì ti inú owó náà kọ́ ilé ìwé, a fi ra pátákó ìkọ̀wé, a fi san owó oṣù tíṣà. Ọmọ kò mú owó wá, ṣùgbọ́n tíṣà kò ṣiṣẹ́ lásán. Ọ̀fẹ́ tòótọ́ ni èyí tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀, tàbí èyí tí ẹni tí ó ni ín fi tọrẹ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò san, tí olóhun kò sì fi tọrẹ, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò sì yẹ kí á máa fi orúkọ ọ̀fẹ́ daṣọ bò ó.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Kì í ṣe Wizkid, kì í ṣe Burna Boy. Gbọ̀ngàn ńláńlá ní London àti ní New York ni àwọn wọ̀nyẹn ti ń kọrin. Ilé-iṣẹ́ Spotify fúnra rẹ̀ kéde pé owó tí àwọn olórin ọmọ Nàìjíríà rí láti ọ̀dọ̀ òun ní ọdún 2024 lé ní bílíọ̀nù 58 náírà. Owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tan ara rẹ̀ jẹ pé ó pín kárí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lùlù ní Ìtàpá, tàbí obìnrin tí ń lé alámọ̀ ní Ìrè. Olórin tí ó ń fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin, ọjà kan ṣoṣo ni ó ní, àwa ni ọjà náà. Ará Brazil kò ní bá a ra orin rẹ̀. Ará Èkó pàápàá, bí kò bá jẹ́ ọmọ wa, ó lè máà gbọ́ ìdajì ohun tí ó ń wí. Bí àwa tí a gbọ́ èdè rẹ̀ bá ń kó orin rẹ̀ láti inú kádì dé inú kádì láì san kọ́bọ̀, ibo ni yóò tún yíjú sí?

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àwo Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí mọ ohun tí à ń sọ. Èdè Èkìtì nínú orin ní adùn kan tí Yorùbá ti inú ìwé kò lè ní. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó ń kú díẹ̀díẹ̀, nígbà tí olórin bá san owó ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí ó san owó onílù, tí ó san owó agbè-orin, tí orin náà sì wà nínú fóònù gbogbo ọlọ́kadà láti Ìlúpéjú dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu kí ó tó di ọjọ́ kẹta, láì sí ẹyọ owó kan tí ó padà wá sí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yìn ín, wọ́n ń jó. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan ìlù láéláé.

Ìjà láàrin olórin àti àwọn tí ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. I. K. Dairo, ẹni tí a fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, tí ó sì kú sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì níhìn-ín ní 1996, òun àti Haruna Ishola alápàlà ni wọ́n para pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó má ṣe máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní 1974, King Sunny Ade bá African Songs, ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo rẹ̀, jà lórí ìwé àdéhùn, òun náà sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà yẹn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni olórin ń bá jà, ẹni tí ó lójú, tí ó ní ọ́fíìsì, tí a lè pè lẹ́jọ́. Lóde òní, ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ ni ó ń jí iṣẹ́ rẹ̀ kó, kò sì sí ẹni tí ó lè pe ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ lẹ́jọ́.

Àwa kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó lábẹ́ fáànù kí ó máa bú tálákà. A mọ̀ pé ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti owó dátà. Láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkè òkun, ó sì di 2025 kí díẹ̀ nínú wọn tó tún ṣí i. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró sán-ún ní apá Òkè-Àkò àti Ìpaò. Iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ti lè ra àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì tòótọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní àwọn ìlú wa. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà lọ, ọ̀nà tí ó rí ni ó tọ̀.

Ohun tí àwa kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni wí pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà wà, owó rẹ̀ kò sì tó bí àwọn ènìyàn ti rò.

Ọ̀nà kan ni èyí tí olùpolówó ọjà ń san owó rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn ti ń gba ìpolówó ọṣẹ àti ti bíà kí owó rẹ̀ má baà ga ju agbára òǹkàwé lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ orin kan ń ṣe. Mdundo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nairobi ní ilẹ̀ Kenya ní ọdún 2013, gbé ètò kan kalẹ̀ nípa èyí tí ènìyàn lè dáńlóòdù orin sínú fóònù láì san nǹkan kan. Ohùn olùpolówó ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, olórin a sì ní ìpín nínú owó ìpolówó náà. Audiomack, tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2012, ń jẹ́ kí a gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìpolówó, ó sì ń jẹ́ kí a fi púpọ̀ nínú orin náà pamọ́ sínú fóònù kí á lè gbọ́ ọ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì. Boomplay bá fóònù Tecno wọ ilẹ̀ wa láti ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ní in nínú fóònù wọn tí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó wà fún. YouTube pẹ̀lú kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìpolówó kí ó tó gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń yọ orin kúrò nínú YouTube bí ẹni ń yọ èkùrọ́ nínú ẹ̀yìn. Ìyẹn lòdì sí àdéhùn YouTube, ìpolówó kò sí níbẹ̀ mọ́, olórin kò sì rí nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀fẹ́.

Ọ̀nà kejì ni owó oṣooṣù. Àwọn kan a máa yarí pé àwọn kò lè máa san owó orin lóṣooṣù, pé àṣà òyìnbó ni. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbé ní ìlú ńlá láyé àtijọ́ yóò rẹ́rìn-ín sí wọn. Ṣé wọ́n ti gbàgbé àpótí tí a so mọ́ ara ògiri, tí a fi okùn fà wá láti ilé-iṣẹ́, tí àwọn baba wa fún ní orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì? Ní Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935, kí ó tó dé Ìbàdàn. Oṣooṣù ni onílé ń san owó rẹ̀, ẹni tí kò bá sì san, wọn a gé okùn náà. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàrin ìyẹn àti èyí tí Spotify gbé dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021. Náírà 900 lóṣù ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Iye náà ti gòkè láti ìgbà náà. Ètò kan wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí owó rẹ̀ kò ju bí ìdajì lọ, èyí tí ó yẹ kí àwọn ọmọ yunifásítì wa ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé mọ̀. Èyí tí ó wù wá jù ni ti ìdílé: ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n ń gbé inú ilé kan náà lè para pọ̀ san án. Tíṣà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, bí wọ́n bá pín owó náà sí mẹ́fà, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máà tó owó búrẹ́dì kan.

Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí á sọ òtítọ́ fún òǹkàwé. Orin tí a gbà sílẹ̀ ní irú ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. A yá a ni. Inú ilé-iṣẹ́ náà ni a ti lè gbọ́ ọ, ọjọ́ tí a kò bá sì san owó oṣù mọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ orin tí yóò di tirẹ̀ títí, tí ó lè fi sínú kádì, inú kọ̀ǹpútà tàbí inú ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rà á ní tòótọ́. Bandcamp, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, jẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀: olórin fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iye owó sí i, ó lè sọ pé kí ènìyàn san ohun tí ó bá wù ú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà a sì lọ tààrà sí ọwọ́ olórin. Ọ̀rọ̀ káàdì náírà ni ìdènà tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London àti ní Houston kò ní irú ìdènà yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí: ẹni tí ó ń fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sílé lè ra àwo orin kan fún ìyá rẹ̀.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìṣirò dátà. Orin tí a gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó mọ níwọ̀nba máa ń jẹ nǹkan bí MB kan fún ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò jẹ MB mẹ́rin. Nítorí náà, GB kan ṣoṣo yóò gba nǹkan bí 250 irú orin bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orin jùjú àtijọ́ tí ojú kan nínú àwo rẹ̀ gùn tó ogún ìṣẹ́jú, yóò gba bí àádọ́ta. Ẹni tí ó gba orin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti parí ìnáwó rẹ̀. Ẹni tí ó ń wo orin kan náà lórí YouTube pẹ̀lú àwòrán ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, dátà rẹ̀ ń ṣàn lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀, nítorí àwòrán ń jẹ ju ohùn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sì ń ta dátà òru ní owó tí ó kéré sí ti ọ̀sán. Ẹni tí ó bá fi òru kan gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó bófin mu, ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ máà ju èyí tí yóò san fún ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà lọ, kò sì ní bá kòkòrò tí ń ba fóònù jẹ́ pàdé nínú kádì rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a fẹ́ bá sọ apá tí ó kàn yìí. Orin kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí a lè kó, tí a lè pín, tí a lè fi kọ́ ọmọ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Òfin kọpiráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ orin sílẹ̀ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sínú àwo yàtọ̀ sí ìyẹn. Àádọ́ta ọdún ni tirẹ̀. Ẹ wá wo Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba-ńlá Fẹlá. Ní 1922 ni ó wà ní London, tí ó kọ orin ẹ̀sìn lédè Yorùbá tí ó lé ní ogójì sínú àwo Zonophone. Ó kú ní 1930. Àádọ́rin ọdún rẹ̀ pé ní 2000, àádọ́ta ọdún ti àwo náà sì ti kọjá tipẹ́. Orin wọ̀nyí ti di ogún gbogbo wa ní ilẹ̀ yìí. Mélòó nínú ilé ìwé wa ni ọmọ ti gbọ́ ohùn náà rí?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó bá ti gbó ti di ti gbogbo ayé. I. K. Dairo kú ní 1996. 1996 àti àádọ́rin jẹ́ 2066. Bí àwo rẹ̀ ti ọdún 1962 tilẹ̀ ti kọjá àádọ́ta ọdún, orin tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọwọ́ kejì, Mozart kú ní 1791, orin rẹ̀ sì ti di ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin tí ó lu orin náà sínú àwo ní ọdún tí ó kọjá ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n lù. Nítorí èyí ni àwọn kan fi dá Musopen sílẹ̀, níbi tí ilé ìwé ti lè gba irú orin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ, tí ó sì fi wà tí Free Music Archive, láti ọdún 2009, ń kó orin tí àwọn olórin fúnra wọn yọ̀ǹda jọ. A mọ̀ pé tíṣà tí ó ń kọ́ni ní orin ní Ayédé tàbí ní Ọ̀sì kò ní ìwé tí ó tó. Ibi tí yóò ti rí ohun èlò láì jalè nìyí.

Tíṣà kan náà ni yóò sì lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ ju ọlọ́pàá lọ. Ó mọ ìyà tí ó ń jẹ òǹkọ̀wé nígbà tí àwọn kan bá fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ ìwé rí tí inú rẹ̀ dùn sí i. Ọmọ tí a kọ́ pé kí ó má ṣe wo ìwé ẹnìkejì nínú ìdánwò, tí a sì ń fi orin tí a jí ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún fún lójú rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni a rò pé yóò dì mú?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Nígbàkigbà tí ìbò bá súnmọ́, ọkọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa yí ká láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, orin a sì máa dún láti àárọ̀ di alẹ́. Níbo ni orin náà ti wá? Láti inú kádì kan náà ni. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi orin olórin pe èrò jọ ní gbangba láì gba àṣẹ. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ lórí pèpéle, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ná èrè iṣẹ́ ọ̀dọ́ dànù lábẹ́ pèpéle náà, ẹnu rẹ̀ kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu. A kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, nítorí pé a kò rí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Owó tí a fi ń ran fìlà àti ankárá ìpolongo pọ̀; ìdá kékeré nínú rẹ̀ tó láti bẹ olórin agbègbè kan lọ́wẹ̀ kí ó kọ orin fún ẹgbẹ́, kí á sì san án fún un.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀, a kò sì lè ṣe bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìṣàn-Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí gómìnà, dín owó tí ilé-iṣẹ́ ń san kí ó tó ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀ kù láti náírà 4,500 sí náírà 145 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó lórí ilẹ̀ kò tíì di ẹ̀dínwó nínú fóònù ìyá tí ń ta gàrí ní Ìkọ̀lé. Ohun tí àwa ń bèèrè kéré: kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó/Ọ̀sì, ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní olú-ìlú wọn, kí wọ́n gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dúró àti iná oòrùn sí i, kí olùkọ́ àti ọmọ ilé ìwé lè wọlé gba ìwé àti orin tí ó bófin mu sílẹ̀ láì ná dátà tiwọn. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́ bí ilé ìkàwé rẹ̀ bá ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ agbègbè ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ tí òfin yàn láti máa gba owó fún olórin, ẹnu wa kò lè ṣàìsọ̀rọ̀. MCSN ti wà láti 1984. Ìjọba fún COSON ní ìwé àṣẹ ní 2010, ó fún MCSN ní tirẹ̀ ní 2017, ó sì dá ti COSON dúró ní 2018. Ẹjọ́ àti ìjà ni àwọn méjèèjì fi lo ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí erin méjì ń jà, olórin abúlé tí kò mọ ọ́fíìsì ẹnì kankan nínú wọn ni koríko ibẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a gbà wọ́n gbọ́, kí wọ́n rán aṣojú wá sí Ìkọ̀lé, kí ó jókòó, kí ó kọ orúkọ àwọn olórin wa sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Olórin pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa sunkún nìkan. Bí ènìyàn rere kan bá fẹ́ sanwó orin rẹ̀, ibo ni yóò ti rí i? Ọ̀pọ̀ orin Èkìtì ni kò sí níbì kankan tí ó bófin mu rárá, tí ó jẹ́ pé inú kádì olè nìkan ni a ti lè bá a. Kò sí owó tí a ń san kí ènìyàn tó gbé orin tirẹ̀ sí orí Audiomack. Ọmọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè bá bàbá olórin ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kódà ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tí a ti ń bá wí láti òkè ni ó yẹ fún iṣẹ́ náà jù, kí á sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kí ó kọ orúkọ olórin, orúkọ ìlú àti orúkọ irú orin náà sí i dáadáa, kí ẹni tí ó bá ń wá alámọ̀ lè rí alámọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ní ẹ̀ka ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tí ń bọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ méjì tí wọ́n mọ fóònù lò, kí wọ́n lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, kí wọ́n fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí a ti ń gba orin Ransome-Kuti sílẹ̀, bí a ti ń pín owó ìdílé sí mẹ́fà, àti bí a ti ń lo dátà òru. Ọjọ́ kan péré tó fún ilé ìwé kan.